Ìkíni Tó Ń Wá Èrè

Ìbéèrè kan wà tó dà bí eré létí, àmọ́ tí a bá fà á dáadáa, ó jinlẹ̀. Bí èèyàn bá kí ọ nítorí pé ó ń wá nǹkan lọ́wọ́ rẹ, ṣé ó kí ọ? Àwọn kan á ní, “Kí ló kàn mí níbẹ̀? Ó ṣáà ti kí mi.” Àwọn mìíràn á ní ẹ̀tàn ni irú ìkíni bẹ́ẹ̀, pé ẹnu ló kí, inú ò kí. Àwa rò pé ìdáhùn méjèèjì yá jù. Ìdí tí a sì fi fẹ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ náà ni pé, lásìkò tí a wà yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi ìkíni wá iṣẹ́ lójoojúmọ́, lórí fóònù, láìfura pé ìkíni ni ohun tí à ń ṣe.

Kọ́mẹ́ǹtì là ń sọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lo LinkedIn á ti gbọ́ ìmọ̀ràn tó gbòde yìí: Má wulẹ̀ pa ara rẹ nítorí pé o fẹ́ gbé pósìtì tuntun jáde lójoojúmọ́. Wá ogún èèyàn tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe. Láràárọ̀, ka ohun tí wọ́n kọ, kí o sì kọ ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́, má fi ẹ̀rọ kọ ọ́. Tó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á mọ̀ ọ́.

Ìmọ̀ràn náà ń ṣiṣẹ́ o, ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ kò sì jẹ́ àdììtú. Lórí LinkedIn, orúkọ rẹ nìkan kọ́ ló ń bá kọ́mẹ́ǹtì rẹ rìn. Ìlà kan tó ń sọ irú iṣẹ́ tí o ń ṣe wà lábẹ́ orúkọ náà. Bí ẹni tó ní olùtẹ̀lé 50,000 bá kọ nǹkan, tí ìwọ tó o ní 80 sì sọ ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání sábẹ́ rẹ̀, o ti dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé olókìkí nìyẹn, gbogbo ẹni tó bá ń wọlé ló lè rí ọ. Àwọn tí ẹ jọ mọra lórí ibẹ̀ náà lè rí i pé o sọ̀rọ̀. O ò san kọ́bọ̀ fún ìpolówó. Àsìkò àti ọpọlọ rẹ lo fi san án.

Ẹ má sì jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, nítorí oúnjẹ wà nídìí rẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń rí iṣẹ́ ní ilẹ̀ yìí. “Ta lo mọ̀?” ló máa ń ṣáájú “Kí lo mọ̀?” Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá á mú lẹ́tà lọ, wọ́n á sì ní kó jókòó. Ọmọ tó kàwé jáde ní Àkúrẹ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò ní ẹ̀gbọ́n ní Èkó, tí kò ní àbúrò bàbá ní Abuja, ta ni yóò bá a kan ilẹ̀kùn? Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kọ́mẹ́ǹtì gan-an ni ilẹ̀kùn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ojúkòkòrò ni gbogbo rẹ̀, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó ń bá wí.

Síbẹ̀, nǹkan kan ń gún wa lára níbẹ̀, kò sì yẹ ká díbọ́n pé kò gún wa. Ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fi tọ́ wa ni pé ká kí èèyàn nítorí pé èèyàn ni. Ní báyìí, a jókòó, a ṣe àkọsílẹ̀ ogún èèyàn, a wo iye olùtẹ̀lé wọn, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn ní kọ̀ọ̀kan. Ṣé ọmọlúàbí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àbí ọdẹ?

Aró tó wà lọ́wọ́ aláró

Ká tó dájọ́, ẹ jẹ́ ká bi àṣà wa léèrè ná. Ìkíni ló sọ wá di ẹni tí wọ́n ń dá mọ̀ láàárín èrò. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí wọ́n gba àwọn èèyàn wa sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró, “Aku” ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí pé “ẹ kú” kì í kúrò lẹ́nu wọn. Ìkíni di orúkọ ẹ̀yà.

Àmọ́ “ẹ kú” nìkan kọ́ ni ìkíni. Ohun tó bá tẹ̀lé e ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó ń ṣe ìnáwó, ẹ kú ìnáwó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ kú ewu ọmọ. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tún ní tiwọn lọ́tọ̀. Bí o bá débi tí aláró ti ń ṣiṣẹ́, “Àrẹ̀dú o!” lo máa kí i. Bí o bá bá onídìrí lẹ́nu iṣẹ́, “Ojú gbooro o!” ni.

Ẹ wo ohun tí irú ìkíni yìí ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kíni. O ò lè kí aláró ní àrẹ̀dú bí o ò bá wo ọwọ́ rẹ̀ kó o sì rí aró níbẹ̀. O gbọ́dọ̀ dúró, o gbọ́dọ̀ wò. Ohun kejì tún wà nínú rẹ̀: àdúrà ni. Ohun tó ń sọ ni pé kí aṣọ tí a rẹ sínú aró ó dú dáadáa. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń kíni mọ ohun tó jẹ́ àṣeyọrí nínú iṣẹ́ ẹni tó ń kí. Ó mọ ohun tó ń dùn mọ́ aláró nínú, ó mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ìkíni Yorùbá tó péye ń sọ ohun méjì: mo rí ọ, mo sì mọ ohun tí ire jẹ́ fún ọ.

Ẹ fi èyí wé ohun tó kún abẹ́ pósìtì àwọn èèyàn lónìí. “Ọ̀rọ̀ ńlá!” “Ẹ ṣeun fún èyí!” Àwòrán iná mẹ́ta. Kò sí èébú nínú wọn, àmọ́ o lè fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí aláró, kó o fi kí onídìrí, kó o fi kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ pàápàá, wọn ò ní yàtọ̀. Nígbà tí Facebook gbé bọ́tìnnì “Like” jáde ní 2009, ó rọ àwa èèyàn lọ́rùn láti kíni láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tí à ń sọ náà wá ń jọ bọ́tìnnì.

Ẹ jẹ́ ká fojú rò ó. Ká ní obìnrin kan tó ń ra ẹ̀gẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe gààrí kọ pósìtì kan. Ó ní ọkọ̀ tó yẹ kó gbé ẹ̀gẹ́ kúrò lóko pẹ́ kó tó dé, ẹ̀gẹ́ sì ti ń bàjẹ́ kí ọkọ̀ tó débi tó ń lọ. Ẹni tó mọ ẹ̀gẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe iṣu: láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí wọ́n bá ti wú u, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Ẹnìkan kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ìwúrí lẹ jẹ́ fún wa, mà!” Ẹlòmíràn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ìrìn ọkọ̀ ní Ìbàdàn, kọ pé: “Ẹ kú wàhálà ọ̀nà, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń wú ẹ̀gẹ́ gbogbo oko, àbí wọ́n ń dúró kí ọkọ̀ gbéra kí wọ́n tó wú u? Mo bi yín nítorí pé níbi tí mo wà, ọkọ̀ la máa ń bínú sí, nígbà tó jẹ́ pé wákàtí tí a kó ẹrù sílẹ̀ ló ń pa wá lára.”

Àwọn méjèèjì ló ń wá ojú rere. Ẹni kejì nìkan ló wo ọwọ́ aláró. Obìnrin náà lè má fèsì fún un láé, síbẹ̀ ó ti ní ìbéèrè tuntun kan tí yóò bi àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ lọ́la. Bí a bá ní ká béèrè bóyá ọ̀dọ́kùnrin yìí ń wá iṣẹ́, bóyá ni kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ni ìyẹn wá bàjẹ́ nínú ohun tó sọ?

Onílù tó mọ oríkì rẹ

Ẹnìkan lè dá wa dúró níbí yìí pé, “Ìkíni àárọ̀ láàárín àdúgbò yàtọ̀ sí ìkíni tí a fi ń wá owó.” Òótọ́ ni. Àmọ́ àṣà wa mọ ìkíni tí a fi ń wá owó dáadáa. Ẹ wo onílù gángan lóde ìnáwó. Gbogbo wa la mọ ohun tó wá ṣe níbẹ̀. Òun náà ò sì fi pamọ́. Ó súnmọ́ ọ, ó fi ìlù pe oríkì ìdílé bàbá rẹ, orí rẹ wú, o tọwọ́ bàpò. Kò sẹ́ni tó délé wá ń sọ pé onílù tan òun jẹ.

Kí ló dé tí kò fi jẹ́ ẹ̀tàn? A rí ìdí méjì. Èkíní, ohun tó ń wá hàn gbangba, kò fi bò. Èkejì, ohun tó fún ọ jẹ́ tìrẹ lóòótọ́. Ó ti kọ́ oríkì yẹn kó tó wá, ó sì mọ èyí tó jẹ́ ti ìdílé rẹ yàtọ̀ sí ti ẹni tó jókòó tì ọ́. Bí ẹ bá wá rí onílù tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ló ń lù fún gbogbo ẹni tó wọ aṣọ ńlá, tó ń pe gbogbo wọn ní ọmọ olówó, ẹ ti mọ̀ pé onílù yẹn, àpò ló ń wò, kò wo èèyàn. A lè fún un lówó kó ṣáà lè kúrò lọ́rùn wa. Àmọ́ orí wa ò ní wú.

Dale Carnegie, ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé olókìkí kan ní 1936 nípa bí a ṣe ń rí ọ̀rẹ́ tí a sì ń yí èèyàn lọ́kàn padà, ya ìyìn tó tọkàn wá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀pọ́nni. Ọ̀pọ̀ ló ka ìwé náà tí wọ́n mú ọgbọ́n ìyìn níbẹ̀ tí wọ́n sì fi ìyàsọ́tọ̀ yẹn sílẹ̀. Lójú tiwa, ìyàtọ̀ ìyìn àti ẹ̀pọ́n kò sí nínú bóyá o ń wá nǹkan. Ó wà nínú bóyá ohun tí o sọ jẹ́ òótọ́, àti bóyá o ṣe wàhálà láti mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, òwe wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Òwe náà ò sì bá ẹni tó gba obì wí.

Oníṣòwò Kant

Ẹ jẹ́ ká gbé àríyànjiyàn tó le jù sílẹ̀, ká má baà dá ẹjọ́ wa fúnra wa. Immanuel Kant, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Jámánì, sọ nípa oníṣòwò kan nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1785. Oníṣòwò yìí kì í rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ọmọdé tí kò mọ iye ọjà lè wọ ìsọ̀ rẹ̀, iye tí àgbà ń san lòun náà máa san. Ó dára. Àmọ́ Kant ní bó bá jẹ́ pé nítorí kí ọjà lè máa tà ló fi ń ṣe é, kì í ṣe nítorí pé ó tọ́, a ò lè torí rẹ̀ gbóṣùbà fún ìwà rẹ̀. Ó ṣe ohun tó tọ́, àmọ́ ọkàn rẹ̀ wà níbòmíì.

Bí a bá gbé òṣùwọ̀n yìí lé ọ̀dọ́kùnrin ìbéèrè ẹ̀gẹ́, ó lè máà yege. Ohun tó ṣe dára, àmọ́ iṣẹ́ ló ń wá.

Àwa ò ní já Kant kulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Nǹkan kan wà tó rí. Bó bá jẹ́ pé èrè nìkan ló ń gbé ìwà rere ró, ọjọ́ tí èrè bá yẹ̀, ìwà rere á ṣubú. Àmọ́ a rò pé ìwà, lójú Yorùbá, kì í ṣe ohun tí a ń wọ̀n lórí ìṣe kan ṣoṣo. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Olúwọlé, tó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún un pé ọ̀rọ̀ àwọn baba wa kì í ṣe àlọ́ lásán, pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wà níbẹ̀ tí a lè bá jiyàn. Ẹ jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀, ká fi ọ̀kan lára ọ̀rọ̀ wọn jiyàn. Wọ́n ní ìwà lẹwà. A kì í fi ojú kan wo ẹwà èèyàn ká tán. Báyìí náà ni ìwà: ohun tí èèyàn ń ṣe léraléra títí tó fi mọ́ ọn lára ni. Ọmọdé tí ìyá rẹ̀ ní kó dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ìbẹ̀rù pàṣán ló fi ń dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Bó bá pẹ́, pàṣán á lọ, ọ̀wọ̀ á kù. Bákan náà, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ ẹlòmíràn dáadáa nítorí pé ó ń wá iṣẹ́, tó ń ṣe é lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, ó ṣeé ṣe kó ji lọ́jọ́ kan kó bá a pé òun ti di ẹni tó ń ka èèyàn dáadáa.

A ní “ó ṣeé ṣe”. Kì í ṣe dandan. Ẹlòmíràn á kàn di ẹni tó mọ bí a ṣe ń díbọ́n. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pínyà ló yẹ ká wá rí.

“Ó ní kí n kí yín”

Ọ̀kan lára ibi ìpínyà náà ni ẹ̀rọ. Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní ìparí 2022, kò nira mọ́ láti fi ẹ̀rọ kọ kọ́mẹ́ǹtì tó dùn létí. Àwọn kan ń ta irinṣẹ́ tó ń ka pósìtì tó sì ń fèsì lórúkọ rẹ nígbà tí ìwọ ń sùn. Òfin LinkedIn kò fàyè gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ká fi òfin sílẹ̀ ná. Bí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kọ bá wúlò fún ẹni tó kà á, kí ni aburú rẹ̀?

Aburú rẹ̀ ni pé gbogbo kọ́mẹ́ǹtì ní gbólóhùn kan tí a ò kọ sínú rẹ̀, gbólóhùn náà sì ni: “Mo kà á.” Ohun tó ń dùn mọ́ni nínú rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ ọ́ tí o kò sì kà á, irọ́ ni gbólóhùn yẹn, bí gbogbo èyí tó kù bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Yorùbá ò sì kórìíra ká rán ẹlòmíràn láti báni kíni. Ó pọ̀ nínú àṣà wa. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ ò bá lè wá síbi ìsọmọlórúkọ, á rán ọ, o máa débẹ̀, wàá ní, “Bọ̀dá ní kí n kí yín o.” Ẹ gbọ́ bó ṣe mọ́ tó: ẹni tó rán mi nìyí, èmi tó jẹ́ iṣẹ́ nìyí. Kò sẹ́ni tó ṣi ẹnikẹ́ni mú. Ohun tí a kì í ṣe ni pé kí o wọ aṣọ bọ̀dá, kó o lo ohùn bọ̀dá, kó o wá ní ìwọ ni bọ̀dá.

Èyí kò ní ká dá gbogbo ẹni tó lo ẹ̀rọ lẹ́bi o. Nígbà kan rí, àwọn akọ̀wé máa ń jókòó síwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà. Ìyá tó ní kí wọ́n bá òun kọ̀wé sọ́mọ òun ló ni ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà, akọ̀wé kàn bá a fi sórí ìwé ni. Ẹni tó ti ka pósìtì, tó ti ro ohun tó fẹ́ sọ, tó wá ní kí ẹ̀rọ bá òun tún Gẹ̀ẹ́sì òun ṣe, ìyá yẹn ló jọ. Ẹni tí kò kà, tí kò rò, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà tó ń rán agbada ẹlòmíràn lọ sóde.

Ibi ìpínyà kejì ni ẹgbẹ́ kọ́mẹ́ǹtì. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á kóra jọ sórí WhatsApp, wọ́n á ní: bí ọ̀kan nínú wa bá gbé pósìtì jáde, kí gbogbo wa sáré lọ kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é máa ń sọ pé àjọ ni, pé bí a ṣe ń dá owó náà la ṣe ń dá ọ̀rọ̀. Àfiwé náà dùn, àmọ́ kò dúró. Nínú àjọ, gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ sí i ló mọ ohun tó ń lọ, owó tí ẹni tó gbà á ń ná lọ́jà sì jẹ́ ojúlówó owó. Nínú ẹgbẹ́ kọ́mẹ́ǹtì, ẹni kẹta wà tí kò mọ̀: ẹni tó ń kọjá lọ, tó rí èrò rẹpẹtẹ lẹ́nu ìsọ̀, tó rò pé ọjà ibẹ̀ ló dára. Òun ni wọ́n ń tàn. Àwọn tó dá àjọ ò fara gbá nǹkan kan.

Ta ni a fò kọjá?

A ti gbèjà ìkíni tó ń wá èrè. Ó kù ká sọ ohun tó ń dẹ́rù bà wá jù nínú rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí à ń kí. Ẹni tí a kò kí ni.

Bí o bá ti ṣe àkọsílẹ̀ ogún èèyàn, o ti ṣe àkọsílẹ̀ mìíràn tí kò hàn: gbogbo àwọn tó kù. Ẹni tó ní olùtẹ̀lé 11, tó fi oṣù kan ṣe ìwádìí, tó kọ ọ́ jáde, tí ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan sí i. O rí i. O kà á, ó tilẹ̀ kọ́ ọ lọ́gbọ́n. O kọjá, nítorí pé kò sí ní ẹnu ọ̀nà olókìkí, kò sẹ́ni tí yóò rí ọ níbẹ̀. Nígbà ayé àwọn baba wa, ẹni tó bá kí olówó tó sì fò ìwọ̀fà kọjá lójú pópó, wọn ò ní pè é ní ọlọ́gbọ́n. Wọ́n á ní ojú ló ń ṣe.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì mọ bí àìfọhùn yẹn ṣe ń rí lára, nítorí pé àwa náà ni ẹni tó ní 11 níjọ́sí. Bí àwa tí wọn ò kí níjọ́sí bá wá gòkè tán tí a ò kí ẹnikẹ́ni, a jẹ́ pé a ò tún ilẹ̀kùn “Ta lo mọ̀?” yẹn ṣe. A kàn gbé e láti ọ́fíìsì sórí fóònù ni.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ọjà tí a ti ń kíra wa yìí ní olówó. LinkedIn bẹ̀rẹ̀ ní 2003, Microsoft sì ra á ní 2016 ní owó tó lé ní bílíọ̀nù 26 dọ́là. Ohun tí wọ́n rà kì í ṣe ilé, kì í ṣe ilẹ̀. Àwa ni, àti ọ̀rọ̀ tí à ń bá ara wa sọ. Gbogbo ìkíni wa, yálà ó tọkàn wá tàbí kò tọkàn wá, ń mówó wọlé fún wọn. A ò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè sá kúrò lọ́jà. Ọjà gbogbo ló ní onílẹ̀. A sọ ọ́ kí á lè mọ̀ pé onílẹ̀ ò bìkítà nípa irú ìkíni tí à ń kí, iye rẹ̀ ló ń wò. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni yóò bá dáàbò bo ìtumọ̀ ìkíni níbẹ̀, àwa la máa ṣe é.

Báwo wá la ṣe máa ṣe é? Òṣùwọ̀n mẹ́ta la lè gbé síwájú yín, ẹ̀yin náà ẹ fi tiyín kún un.

Àkọ́kọ́, kí o tó fi kọ́mẹ́ǹtì ránṣẹ́, bi ara rẹ bóyá a lè gbé e kúrò níbẹ̀ ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ pósìtì ẹlòmíràn láìyí nǹkan kan padà. Bó bá ṣeé gbé, o ò tíì wo ọwọ́ aláró. Ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìkejì, ká ní olúwarẹ̀ ò fèsì láé, tí kò sì sẹ́ni tó rí orúkọ rẹ, ṣé ohun tó o kọ ṣì wúlò fún ẹni kan, kódà bó jẹ́ ìwọ fúnra rẹ nìkan? Ẹni tó béèrè ìbéèrè gidi ti jèrè kí ìdáhùn tó dé, nítorí pé ó ti ronú. Èyí tún kan àìgbà-fún-ni. Bí àgbà bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, tó o sì mọ̀, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbi tiwa ohun tí a rí yàtọ̀ díẹ̀” kì í ṣe àrífín. Ẹni tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni ló ń sọ lójoojúmọ́, èrè ò tilẹ̀ ní pẹ́ sú òun gan-an, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń gba ẹni tí kò ní èrò síṣẹ́ láti wá ronú.

Ìkẹta, ká wo ogún èèyàn inú àkọsílẹ̀ rẹ. Mélòó nínú wọn ni kò lè ṣe nǹkan kan fún ọ? Bí kò bá sí ọ̀kan, yọ márùn-ún kúrò, kó o fi márùn-ún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rọ́pò wọn. Ka tiwọn bí o ṣe ń ka ti olókìkí. Àwọn yìí ni yóò sọ irú èèyàn tí o ń dà fún ọ, nítorí pé níbi tí èrè ò sí la ti ń mọ̀ bóyá ìkíni ti di ìwà.

Àwọn kan á ní a ti ro ọ̀rọ̀ kékeré jù, pé kọ́mẹ́ǹtì lásán ni, kí èèyàn ṣáà rí iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn ò ṣòro gbọ́. Ebi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ míì wọlé. Àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí o fi ń kọ kọ́mẹ́ǹtì láràárọ̀, bí o bá kó o jọ fún ọdún kan, ó lé ní wákàtí àádọ́rùn-ún. Kò sí ohun tí èèyàn lè fi irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ṣe tí kò ní yí i padà. Yálà ó kọ́ ọ láti rí èèyàn, tàbí ó kọ́ ọ láti máa wo orí wọn kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó dúró lẹ́yìn wọn.

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè wa nìyí o. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó kí ọ nítorí pé ó ń wá nǹkan lọ́wọ́ rẹ lè kí ọ lóòótọ́, bó bá ti rí ọ kó tó kí ọ, bí kò bá fi ohun tó ń wá bò ọ́ lójú, bí ó bá sì jẹ́ pé ní ọ̀nà tó ń tọ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ, ó kí àwọn tó bá lọ́nà. Kí a máa wá iṣẹ́ kò bàjẹ́. Kí a rántí pé aláró náà ń wá ẹni tó máa rí aró ọwọ́ rẹ̀.